Irin Kò Tutù Ju Pákó Lọ: Bí Ooru Ṣe Ń Rìn Láti Ara Nǹkan Kan Sí Òmíràn

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, Bàbá lándílọ́ọ̀dù wa jókòó sórí àga onírin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíá ni wọ́n fò dìde. "Yéè! Irin yìí ti di yìnyín!" Wọ́n bọ́ sórí àpótí pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara wọn balẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ni mo bá sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, àga yẹn kò tutù ju àpótí lọ. Bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe tutù." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ìdí mi ló wá ń parọ́ fún mi ni?"

Irú àríyànjiyàn yìí kò tíì kúrò nílẹ̀ láti ìgbà tí ooru ọdún 2024 ti fojú wa rí màbo. Fóònù á ní 34 dígírì ni ìta wà, á tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bíi 43 ló rí lára. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ọ̀rọ̀ Bàbá àti ọ̀rọ̀ fóònù, orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ara èèyàn kì í wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ohun tí ara ń mọ̀ ni bí ooru ṣe ń yára wọ inú rẹ̀, tàbí bó ṣe ń yára kúrò nínú rẹ̀.

Kí ni ooru, kí sì ni dígírì?

Òkúta, omi, afẹ́fẹ́, ẹran ara wa, ègé kéékèèké tí ojú kò lè rí ni gbogbo wọn fi ṣe ara, àwọn ègé yìí kì í sì sinmi. Wọ́n ń gbọ̀n. Nínú omi àti afẹ́fẹ́, wọ́n tún ń sáré kiri. Tí nǹkan bá ń gbóná, gbígbọ̀n yẹn ló ń le sí i. Tó bá ń tutù, ó ń rọlẹ̀. Òun náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó ṣàlàyé ìyókù, torí kò sẹ́ni tí kò mọ owó. Ìwọ̀n ìgbóná, ìyẹn dígírì tí tẹmómítà ń kà, dà bí iye tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú agboolé kan tí a bá pín owó wọn lọ́gbọọgba. Agbára ìgbóná ni àpapọ̀ owó gbogbo agboolé náà. Ooru wá ni owó tó wà lójú ọ̀nà, tí agboolé kan ń fi ránṣẹ́ sí òmíràn. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ lọ wo àwọn wẹ́dà. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ ha irin, iná á máa ta pàrà pàrà, á máa bà lé wọn lọ́wọ́, wọn kì í tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n nù. Ègé irin tó ń tàn yẹn lè gbóná ju 1,000 dígírì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ da ife omi híhó kan tí kò ju 100 dígírì sí ọwọ́ kan náà, ilé ìwòsàn ló kàn. Owó pọ̀ lápò ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ègé irin yẹn, àmọ́ wọn ò pọ̀. Èrò ló kún inú ife omi. Omi fúnra rẹ̀ tún jẹ́ alájẹkì: ooru tí kílò omi kan máa gbà kó tó gòkè ní dígírì kan tó ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tí kílò irin kan máa gbà, púpọ̀ nínú èyí tó bá sì gbà ló máa dà sí ẹni tó bá kàn án lára.

Nígbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gbà pé ooru jẹ́ bí omi kan tí ojú kò rí, tó máa ń ṣàn láti ara nǹkan kan sí òmíràn. Benjamin Thompson, tí wọ́n tún ń pè ní Count Rumford, wà lára àwọn tó da èrò yẹn rú. Ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, ó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń lu ihò sínú ìbọn àgbá. Ó ní kí wọ́n ri irin náà sínú omi, kí ẹṣin máa yí ẹ̀rọ. Nígbà tó tó bíi wákàtí méjì ààbọ̀, omi hó, láìsí iná kankan nísàlẹ̀. Ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1798. Bó bá jẹ́ pé omi kan ló wà nínú irin, ṣebí á tán tó bá yá? Kò tán, níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin bá ṣì ń yí. Ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara wọn nígbà ọyẹ́, ohun kan náà ló ń ṣe, kò kàn ní ẹṣin ni.

Ṣé òtútù náà máa ń rìn?

Èdè wa ló kọ́kọ́ ń tàn wá níbí. A ní "ooru ń mú mi", a tún ní "òtútù ń mú mi", bíi pé ọlọ́pàá méjì ni wọ́n. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Òtútù kò gba ojú fèrèsé wọlé rí. Ooru ló gba ibẹ̀ jáde. A kì í rọ òkùnkùn sínú yàrá, iná ló máa ń kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni òtútù.

Ibi tó gbóná ni ooru ti máa ń lọ sí ibi tó tutù, títí méjèèjì á fi dọ́gba. Kì í padà sẹ́yìn àfi tí nǹkan bá fi agbára tì í. Iṣẹ́ fíríìjì nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ óò rí i pé ó gbóná: ooru tó fà jáde lára ọbẹ̀ yín ló ń dà síbẹ̀. Ẹni tó bá wá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ kó lè fi mú yàrá tutù, ńṣe ló ń fi owó iná ra ooru kún ooru.

Kí ló wá dé tí irin ṣe bẹ́ẹ̀ sí Bàbá?

Àga irin àti àpótí pákó ti jọ sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà mọ́jú. Afẹ́fẹ́ kan náà ló yí wọn ká láti alẹ́, kò sí èyí tó ń yáná nínú wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo wá tẹmómítà tí mo máa fi han Bàbá. Tẹmómítà ibà tó wà nílé kò wúlò, torí nǹkan bí 35 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri ni mo yá lọ́wọ́ olùkọ́ kan ládùúgbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi àkísà dì í mọ́ ara àga fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún dì í mọ́ àpótí. 21 lára àga, 21 lára àpótí. Bàbá ní tẹmómítà náà ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́. Awọ ara èèyàn máa ń wà ní nǹkan bí 33 dígírì, kò sì sí bí ooru kò ṣe ní kúrò lára Bàbá lọ sí ara ohun tó wà ní 21. Ojú ọ̀nà ló yàtọ̀. Irin dà bí ọ̀nà márosẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú àárọ̀: ooru tó bá wọ ibẹ̀ kì í dúró, ó ti sáré kọjá sínú irin, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún òmíràn. Pákó dà bí ọ̀nà Apápá lọ́jọ́ tí tírélà bá tò jọ. Ooru díẹ̀ tó bá wọlé á há síbi tí ara kàn, láìpẹ́ ibẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò tún sí ìdí fún ooru púpọ̀ láti máa jáde mọ́. Irin jí ooru Bàbá kó kíákíá, ohun tí wọ́n pè ní òtútù nìyẹn.

Báwo ni ooru ṣe ń rìn nínú nǹkan líle? Ẹ ro òde ìnáwó tí èrò ti há mọ́ra níwájú olórin. Tí àwọn tó wà níwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, wọ́n á gbún àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, àwọn yẹn á gbún àwọn tó tẹ̀lé wọn, títí á fi kan àwọn tó wà lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, kò sì sẹ́ni tó kúrò lójú kan. Nínú irin, àwọn ọmọdé kan tún wà tó ń yọ́ gba àárín èrò kọjá, tí wọ́n ń gbún tibí gbún tọ̀hún. Àwọn náà ló ń gbé iná mànàmáná. Ìdí nìyẹn tí irin tó bá gbé iná dáadáa fi ń gbé ooru dáadáa. Alumíníọ̀mù ń gbé ooru ju pákó lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000, ìyẹn ni ìkòkò fi jẹ́ alumíníọ̀mù tí ọmọrógùn sì jẹ́ igi.

Gbogbo ẹni tó ń dáná ló mọ̀ pé àkísà gbígbẹ ni wọ́n fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀. Tó bá rin, ọwọ́ á jó. Ṣebí omi ló yẹ kó mú ooru rọlẹ̀? Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú ló ń gba ọwọ́ wa sílẹ̀, kì í ṣe òwú gan-an. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ kò fẹ́ràn kó máa gbé ooru. Tí omi bá lé e kúrò, ooru ti rí ọ̀nà, torí omi ń gbé ooru ju irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 20.

Tí omi àti afẹ́fẹ́ bá ń rìn ńkọ́?

Nígbà náà, ooru á gun wọ́n bí ẹni wọkọ̀. Omi ìsàlẹ̀ ìkòkò á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè. Ti òkè tó ṣì tutù á sọ̀ kalẹ̀ wá gba tirẹ̀. Ẹ wo ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó, ẹ óò rí i bí èso rẹ̀ ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Àmàlà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ki. Ooru tó wà láàárín rẹ̀ kò rí ọkọ̀ wọ̀, ó máa ń fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ ni. Òkè á ti tutù, á máa tan èèyàn, ìka á wọ àárín, ẹnu á sì ròyìn.

Ní etí òkun Èkó lọ́sàn-án gangan, yanrìn ń jó ẹsẹ̀, omi tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síbẹ̀ sì tutù. Oòrùn kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n omi nílò ooru tó ìlọ́po márùn-ún ti yanrìn kó tó gòkè ní dígírì kan, ìgbì sì tún ń pò ó wọ ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á wá gbóná, á gòkè, ti orí òkun á sì wọlé láti dípò rẹ̀. Atẹ́gùn òkun tí ará Èkó ń gbádùn lọ́sàn-án nìyẹn.

Báwo ni ti oòrùn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa?

Nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà ló wà láàárín àwa àti oòrùn, òfìfo ni ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Kò sí èrò tó máa gbún ara wọn, kò sí ọkọ̀ tí ooru máa wọ̀. Ìtànṣán ló ń gbé e, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ó sì ń dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń ta irú ìtànṣán yìí, àní èèyàn pàápàá.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì. Òkè ni èéfín àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ, síbẹ̀ ojúgun yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú ń ta. Ẹ fi páálí há àárín: lójú ẹsẹ̀ ni ojúgun á sinmi. Afẹ́fẹ́ tó yí ẹsẹ̀ yín ká kò yí padà, ìtànṣán lẹ dí lọ́nà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé onípáànù tí kò ní sílìn nìyẹn. Páànù kò nípọn, ooru oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá kíá, ó wá ń ta ìtànṣán sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀ bí ààrò bọ̀ọ̀lì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Sílìn ni páálí wa. Ọ̀dà funfun lórí páànù náà ń ṣèrànwọ́, torí ó ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán padà kó tó di ooru rárá. Ní ti ògiri, èyí tó bá nípọn máa ń dá ooru dúró fún wákàtí púpọ̀. Ìyẹn dára lọ́sàn-án. Àmọ́ ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó bá a pé ó ṣì ń gbóná. Ooru aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Ṣé aṣọ kò ní mú yìnyín yọ́ ni?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé orí àwọn tó ń ta áísì bulọ́ọ̀kù kò pé. Wọ́n á fi àpò wé e, wọ́n á da ìyẹ̀fun pákó bò ó, wọ́n á tún fi aṣọ lé e lórí, bíi pé ibà ló ń ṣe é. Kóòtù kì í dá ooru sílẹ̀. Ara wa ló ń dá a, kóòtù kàn ń dí ọ̀nà rẹ̀ ni. Yìnyín kì í dá ooru kankan sílẹ̀, nítorí náà ooru ìta ni aṣọ dí lọ́nà. Ilẹ̀kùn kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ wọlé ni wọ́n tì í mọ́ báyìí.

Ọkùnrin ará Boston kan ní Amẹ́ríkà, Frederic Tudor, fi ọgbọ́n yìí di olówó. Ó ń gé yìnyín lórí adágún nígbà òtútù, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ilẹ̀ olóoru, títí kan Havana ní Cuba. Ní 1833, ó fi nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí Calcutta ní Íńdíà. Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà lò lójú omi. Nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ló gúnlẹ̀ tí kò yọ́. Ìyẹ̀fun pákó ló fi ṣe é.

Kí ló ń mú omi inú àmù tutù?

Ìyá tó bí ìyá mi ní àmù kan ní igun yàrá, tó jókòó lórí yanrìn tútù. Ara rẹ̀ kì í gbẹ. Tí a bá fọwọ́ nù ún, omi á tún sun jáde. Wọ́n máa ń ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń làágùn." Mi ò tíì gbọ́ àlàyé sáyẹ́ǹsì tó péye ju ìyẹn lọ.

Ó gba ooru púpọ̀ kí omi tó lè fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ wò ó lórí sítóòfù: ká ní omi ìkòkò kan gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó hó, tí iná kò sì yí padà, á ju wákàtí kan lọ kí omi náà tó gbẹ tán. Ní gbogbo wákàtí yẹn, kò ní gbóná ju bó ṣe wà lọ. Gbogbo ooru tó ń wọlé, owó ọkọ̀ àwọn omi tó ń lọ ni. Omi tó ń gbẹ lára àmù náà ń san owó ọkọ̀, kò sì sí iná nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú omi tó ṣẹ́ kù ló ti ń mú un. Àmù tí wọ́n bá fi ọ̀dà kùn kò ní tutù mọ́, ojú ihò rẹ̀ ti dí.

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá ní àríwá Nàìjíríà, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò, fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó da yanrìn rírin sáàárín wọn, ó fi aṣọ tútù dé e. Wọ́n ròyìn pé ìgbá tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní 2000. Ẹ ṣe irú rẹ̀ ní Èkó lóṣù Keje, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ Jígáwá gbẹ, òùngbẹ omi ń gbẹ ẹ́. Afẹ́fẹ́ Èkó ti mu yó.

34 ni àbí 43?

Òótọ́ ni méjèèjì. 34 ni ti afẹ́fẹ́, 43 ni ti ẹni tó ń làágùn tí òógùn rẹ̀ kò gbẹ. Àmù ni àwa náà. Tí afẹ́fẹ́ bá ti yó, òógùn á máa ṣàn lásán, kò ní gbé ooru kankan lọ, ooru tí ara ń dá sílẹ̀ á sì kó jọ. Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024, ohun tó bá gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ World Weather Attribution ṣírò pé bí ooru ṣe rí lára tó nǹkan bí 50 dígírì, iye tí tẹmómítà kà sì kéré sí ìyẹn dáadáa. Ọjọ́ kìíní nínú rẹ̀ ni Côte d'Ivoire fi àmì ayò 2 sí 1 gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Abidjan. Ṣùgbọ́n ooru kan náà ló mú àwọn náà, kò sí àwáwí níbẹ̀.

Fáànù kì í mú yàrá tutù. Ó ń lé afẹ́fẹ́ tó ti yó kúrò lára wa kí èyí tí kò tíì yó lè wá gba òógùn. Nínú yàrá tí kò sí èèyàn, ooru díẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ń fi kún un. Tí afẹ́fẹ́ bá sì ti kọjá 40 dígírì, àjọ ìlera àgbáyé kò gbani nímọ̀ràn pé ká máa lo fáànù mọ́: ooru ló ń fẹ́ sí wa lára nígbà náà.

Lóṣù Kẹrin tó tẹ̀lé ọyẹ́ yẹn, Bàbá lọ kí ọmọ wọn ní Sókótó. Wọ́n pè mí lórí fóònù. "Ìwọ onítẹmómítà, abẹ́ ibòji ni mo wà o, oòrùn ò dé ibi. Irin gbóná ju pákó lọ! O ò ṣe ní wọ́n dọ́gba?"

Mo ní, "Wọ́n dọ́gba, Bàbá. Dígírì mélòó ni ibẹ̀ wà?"

"Wọ́n ní 41."

Mo ní, "Ó ti ju 33 tí ara yín wà lọ nìyẹn. Ọyẹ́ ló mú irin jí ooru yín kó lọ́jọ́ sí. Ó ń dá a padà báyìí, bó ṣe yára jí i náà ló ṣe ń yára dá a padà."

Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Tí wọ́n bá wà ní 33 gan-an ńkọ́?"

"Ẹ ò ní mọ irin yàtọ̀ sí pákó."

"Ìyẹn ni pé ìdí mi náà ń ṣiṣẹ́ tẹmómítà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Iye kan ṣoṣo ló kàn lè kà."